Ohun Tí Ìyá Rẹ Ní Kí N Má Tíì Sọ fún Ọ

Hillcrest Heights,
Maryland.
Àárọ̀ Sátidé.

Délé, Àkànní ọmọ mi,

Orí tábìlì ìdáná ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí oòrùn àárọ̀ máa ń kọ́kọ́ dé. Ìyá rẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Ilé dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn. Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí Dádì ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lápò wọn. Fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá pè ọ́, ìyá rẹ á ti gba fóònù náà lọ́wọ́ mi kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀. Bí kò bá sì sí nílé, ìwọ fúnra rẹ á ní, "Dádì, mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́, mo máa pè yín padà." Lẹ́tà kì í wọ ọkọ̀ ojú irin. Wàá jókòó kà á.

Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé o lè kà á ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí síbí lọ. Ọwọ́ ìyá mi lo dàgbà sí ní Ìbàdàn, o sì parí girama kí o tó wá bá wa. Gẹ̀ẹ́sì tèmi tó láti fi ra nǹkan, ó tó láti fi dá ọlọ́pàá lóhùn, kò tó láti fi bá ọmọ mi sọ ohun tó wà nínú mi.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó wúwo jù kí n má bàa máa yí i ká. Dókítà ní àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn mi ti ń dí. Oògùn nìkan ò lè ṣe é mọ́. Wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n á ṣí àyà mi. Ọjọ́bọ ni, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e. Dókítà ní àwọn tó ń jí lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀ gan-an ju àwọn tí kì í jí lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ ní kí n má tíì sọ fún ọ. Ó ní, "Bàbá Délé, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fìdí kalẹ̀ ná. Ìgbà wo ló dé Chicago ọ̀hún? Ọ̀gá rẹ̀ ò tíì lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa. Tí wọ́n bá ṣe é tán, tí ẹ jókòó, tí ẹ ń mu tíì, a ó wá pè é."

Mo ní, "Bí mi ò bá jókòó ńkọ́?"

Ó ní, "Mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí yín. Ẹ máa jókòó."

O mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìyá rẹ bá ti rí rí níbi iṣẹ́ kì í bà á lẹ́rù. Èmi ni ohun gbogbo ń bà lẹ́rù. Ó máa ń sọ pé bí wọ́n bá ń fún ènìyàn ní ipò nítorí àníyàn, èmi ni ǹ bá máa ṣe gómìnà Maryland.

Mi ò sọ pé kí o wá o. Fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ máa dá yín lẹ́kọ̀ọ́ ní fámásì ọsibítù tí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, o sì ti sọ fún wa pé ẹni tó bá pa á jẹ á di ẹni tó ń dúró de ẹgbẹ́ mìíràn, bóyá kí wọ́n tiẹ̀ gba ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Mo kàn ní kí o mọ̀ ni. Àti pé, níwọ̀n ìgbà tí mi ò ti mọ bí Ọjọ́bọ yẹn ṣe máa rí, mo fẹ́ sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìlú tí o lọ. Ìlú yẹn ni mo kọ́kọ́ dé ní Amẹ́ríkà, kí n tó mọ ibi tí Maryland wà. Àwa méjèèjì ò tíì jókòó sọ ọ́ rí. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni, títí o fi dàgbà.

Èkíní ni ti òtútù. Kóòtù tí télọ̀ rán fún mi ní Mọ́kọ́lá ni mo wọ̀ dé Chicago, aláwọ̀ eérú, mo sì fi aṣọ ìnujú pupa sí àpò àyà rẹ̀. Mo rò pé kóòtù ni gbogbo kóòtù ń jẹ́. Bọ̀dá Súnmọ́là ló wá gbé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ará àdúgbò wa ni wọ́n nílé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo fẹ́ dé sí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ìyàwó lo wá gbé níbí ni?" Kí n tó dáhùn, ilẹ̀kùn ti ṣí. Atẹ́gùn tó ń ti orí adágún ńlá yẹn bọ̀ gbá mi lẹ́nu, mo sì yí padà wọ inú ilé kíá. Bọ̀dá Súnmọ́là rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Nígbà tí a dénú ọkọ̀, wọ́n bọ́ súẹ́tà ọrùn wọn fún mi. Ó ń rùn fún ata díndín. Títí di òní, bí ìyá rẹ bá ń dín ata, mo máa ń rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ni.

Nítorí náà, bo etí rẹ. Má wò ó pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ò bo tiwọn. Wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Bí yìnyín bá ti di gíláàsì lórí títì, má sáré nítorí ọkọ̀ kankan, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí o bá sì ń jáde nílé, yẹ sítóòfù wò. Bí o bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín, kí o ṣáà yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì, ohun tí o bá rí lójú títì, béèrè kí o tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tiwa, inú ohun tí àwọn ènìyàn bá gbé síta la ti máa ń kó ohun èlò ilé. Bẹ́ẹ̀dì, tẹlifíṣọ̀n, ìkòkò, gbogbo rẹ̀. Bí ìparí oṣù bá tó, tí àwọn ènìyàn bá ń kó kúrò nílé, àwa a máa rìn kiri bí ẹni ń ṣa ìgbín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìgbà tí yìnyín ti rọ̀ dáadáa, mo rí àga ìdáná kan létí títì, ó dúró gbagidi ní ibì kan tí wọ́n ti kó yìnyín kúrò. Mo ní olóore kan ti ṣe ohun rere. Mo gbé e lọ sókè, mo nù ún, mo jókòó lé e, mo ń jẹ ẹ̀wà.

Bọ̀dá Súnmọ́là wọlé. Wọ́n ní, "Níbo lo ti rí ìyẹn?"

Mo ní, "Lójú títì ni."

"Apá ibo lójú títì?"

"Ibi tí wọ́n ti kó yìnyín kúrò."

Wọ́n gbé ọwọ́ lérí. "Àbúrò, o ti pa wá! O ti gbé ẹnubodè onílé kúrò!" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé, ní ìlú yẹn, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó yìnyín kúrò níbi tó máa gbé ọkọ̀ sí, á gbé àga síbẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Àga yẹn ló ń bá a ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá gbé e kúrò, ó ti fi ìjà lọ àdúgbò.

A sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àga náà. Ó ti pẹ́ jù. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀, ìyá àgbà aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ ibẹ̀, tó ni àga náà, sì dúró tì í pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó wo àga, ó wò mí.

Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ rẹ nìyí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Rárá mà, mi ò ní ọkọ̀."

Ó ní, "O ò ní ọkọ̀, o wá ń gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí kiri?" Ó na ṣọ́bìrì sí mi. Mo kó yìnyín ibòmíràn fún un títí ọwọ́ mi fi kú. Ìgbà tí mo parí, ó gbé ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná wá nínú ife. Láti ọjọ́ yẹn, "Olè Àga" ló ń pè mí. Bí kò bá rí mi fún ọjọ́ mélòó kan, á wá kan ilẹ̀kùn: "Olè Àga, ṣé o ṣì wà láyé?" Mo fẹ́ràn ìyá yẹn. Nígbà tí mo ń kó kúrò níbẹ̀, òun ló gbé búrẹ́dì tí mo jẹ lọ́nà wá fún mi.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tó ń dùn mí nípa ilé tí o gbà ni pé o ní ó ti tó oṣù kan, o ò tíì mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Délé, kí wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, kí wọn lọ́la. Kì í ṣe nítorí ìwà ọmọlúàbí nìkan ni mo fi ń sọ ọ́. Bí o bá ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa wá kan ilẹ̀kùn? Wá ẹnì kan tó máa béèrè bóyá o wà láyé.

Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, gbé ọwọ́ méjèèjì sórí ìdarí ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti lè rí i, máa fi sùúrù sọ̀rọ̀. Mo ti sọ èyí fún ọ tẹ́lẹ̀. Mo tún ń sọ ọ́.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Jẹ́ kí a pè é ní ẹ̀kẹrin: má gbé nìkan, má sì fi ìgbà yìí dúró de ìgbà mìíràn. Nígbà tí mo kó wá sí Maryland, àwa mẹ́rin la jọ ń gbé fúláàtì kan níbí, kò jìnnà sí ilé tí a wà yìí. Ilé ìwẹ̀ kan, ìkòkò ńlá kan. Landover ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ràgàjì kan tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, a ń gbé àpótí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan nínú wa bá fẹ́ lọ sílé, ilé wa á kún. Gbogbo ará Ìbàdàn tó wà ní agbègbè yìí á kó ẹrù wá. "Bàtà ta nìyí?" "Ẹ̀gbọ́n, ti ìyá mi ni, ẹ jọ̀ọ́, kò wúwo." "Kò wúwo kẹ̀? Òkúta lo fi rán an ni?" Àwa á máa fà á, a ó máa pariwo, a ó sì jẹ ẹ̀wà tán kí ẹrù tó wọ àpótí. Wọ́n ti kọ́ ilé ńláńlá báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì wa ní gáréèjì ọlọ́kọ̀ méjì, àmọ́ ó lè tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí ẹni tó máa jókòó jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú mi. Mo máa ń rántí ariwo yẹn.

Ìgbà yẹn náà ni mo ń sọ pé màá wọ yunifásítì. Bọ́ọ̀sì tí mo máa ń wọ̀ ní Sátidé ń gba College Park, níbi tí yunifásítì wà, kọjá, mo sì ń wo àwọn ọmọ ilé ìwé lórí koríko, ìwé lórí orúnkún wọn. Mo ní ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, mo tún ní ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ìwọ wá wọ ilé ìwé yẹn, tí mo gbé ọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá rẹ ní kí ló dé tí mo ń fi ọwọ́ nu ojú. Mo ní eruku ni. Koríko tútù ló wà níbẹ̀, kò sí eruku kankan. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe ní Chicago, yálà ìwé ni, yálà ìyàwó ni (mi ò sọ̀rọ̀ ìyàwó nínú lẹ́tà yìí o), má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.

Èyí tó kù yìí ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó.

O ò bá bàbá mi láyé. Wọ́n ga, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ń rìn bọ̀, ènìyàn á ti ọ̀nà jíjìn mọ̀ wọ́n nítorí pé wọ́n máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí mo wà nínú fúláàtì oní-mẹ́rin yẹn, mo máa ń fi káàdì ìpè pe ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí ìwọ ń pè ní Dádì Láìdé, ní Ìbàdàn. Mi ò tíì ní ìwé ìgbélùú nígbà yẹn. Bí mo bá pè, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni, "Bàbá ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Bàbá wà o, wọ́n lọ sóko." Bí mo bá tún pè, "Wọ́n ń sùn lọ́wọ́." Nígbà mìíràn, "Wọ́n lọ kí àwọn ará Mọ́níyà." Inú mi dùn pé bàbá mi ń rìn káàkiri. Mo ra bàtà aláwọ dúdú kan tó rọ̀, nítorí ẹsẹ̀ òsì yẹn, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Nígbà tí mo pè, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bàtà náà bá ẹsẹ̀ mu rẹ́gí." Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí a jọ ń gbé àpótí ní Landover.

Ní Sátidé kan, mo lọ ra gààrí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa. Ọmọkùnrin kan láti àdúgbò wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, rí mi níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára."

Délé, ìwọ náà mọ̀ pé a kì í kí ẹni tí bàbá rẹ̀ lọ sóko bẹ́ẹ̀.

Mo di pẹpẹ gààrí mú. Ọmọ náà wo ojú mi, ojú tirẹ̀ náà sì yí padà. "Háà. Ẹ̀gbọ́n. Ṣé wọn ò tíì..." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí láàrin ṣọ́ọ̀bù, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni o. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

Mo pe ilé. Mo ní, "Bọ̀dá, Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá wà o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀..."

Mo ní, "Bọ̀dá."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Kó tó di pé ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Àbúrò, ká ní a sọ fún ọ, wàá sáré wálé. O ò ní ìwé, o ò ní lè padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá ló ní kí a má sọ. Ṣé ká wá pàdánù ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni?"

Mo ní, "Bàtà ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ló wà."

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán, títí di òní. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ǹ bá sáré lọ, bóyá ǹ bá má sì rí ọ̀nà padà, ìwọ náà ì bá máa gbé ibòmíràn lónìí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ wọ́n ti sunkún tán nílé kí èmi tó bẹ̀rẹ̀ tèmi. Kò sẹ́ni tó kù tí a lè jọ sun ún. Mo lọ síbi iṣẹ́ ní Mọ́ńdè, mo ń sunkún lẹ́yìn àpótí, ọ̀gá wa wá bá mi, ó béèrè bóyá àpótí ló bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n jókòó fún ìgbà díẹ̀.

Ìwọ náà mọ apá kejì ìtàn yìí. Nígbà tí ìyá mi lọ, ìyá tó tọ́ ọ, o wà ní College Park, ìdánwò ìkẹyìn ku díẹ̀. Èmi, ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n mi, a pawọ́ pọ̀ fi í pamọ́ fún ọ. Èmi! Ẹni tó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn! O pè, o ní, "Màámá àgbà ńkọ́?" Ohùn mi kò tiẹ̀ gbọ̀n nígbà tí mo ní wọ́n ń sùn. Ọjọ́ tí a wá sọ fún ọ, o ò pariwo. O ní, "Dádì, ẹ ò jẹ́ kí n sunkún pẹ̀lú yín." O sì wọ yàrá rẹ lọ.

Àwa ènìyàn yìí, bí ẹnì kan wa bá wà lájò, a máa ń gbé ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un bí ẹni gbé oúnjẹ pamọ́ fún ọmọ tó ń sùn. A rò pé tó bá jí, á jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í ṣe oúnjẹ, ọmọ mi. Kò sí bí a ṣe lè tún un gbé kaná.

Ìwọ náà sì ti ń kọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè bí ilé tuntun ṣe rí, o ní kò sí wàhálà. Mo gbọ́ bí eyín rẹ ṣe ń lu ara wọn lórí fóònù. Hítà ilé yẹn ò ṣiṣẹ́, àbí? O ò sọ, kí n má bàa ṣàníyàn. Mo ṣàníyàn náà, mo kàn ń ṣe é láìmọ ohun tí mo ń ṣàníyàn lé lórí ni, èyí ló sì burú jù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Sọ fún onílé rẹ. Bí kò bá dá ọ lóhùn, sọ fún mi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń rò ó pé kí ni mo ń ṣe gan-an. Mo ní mi ò sọ pé kí o wá. Ta ni mo ń tàn? Bí wọ́n bá ń gbé mi lọ sínú yàrá yẹn, tí iná òrùlé ń kọjá lórí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á máa wá ojú rẹ. Mo fẹ́ kí o wá, Àkànní. Lọ bá ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé wọ́n fẹ́ ṣí àyà bàbá rẹ. Má sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ nǹkan, sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ó bá ní kò ṣeé ṣe, tí o sì rí i pé iṣẹ́ náà máa bọ́, pè mí kí o sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Màá gbà á. Mi ò ní kà á sí ọ lọ́rùn, bóyá mo jí, bóyá mi ò jí. Àmọ́ má sọ fún mi pé ọkọ̀ òfuurufú ti kún.

Mo fi kálàmù sílẹ̀ níbẹ̀ láti lọ lo oògùn mi, mo sì sùn lọ lórí àga. Ìyá rẹ ló jí mi. Ó ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ti rí lẹ́tà yìí lórí tábìlì, ó ń kà á lórí ìdúró, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti sọ fún un."

Mo ní, "Mo ti sọ."

"Ẹ tún wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ má sọ."

"Ṣé irọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga, ó jókòó. Ó tún lẹ́tà náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó ń bínú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Délé, òótọ́ ni pé mo ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ṣe é fún. Kò sí ọkọ mi nínú wọn." Ó yọ kóòtù, ó gbé e kọ́, ó dojú kọ sítóòfù. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé kó wá."

Nítorí náà, ohùn àwa méjèèjì nìyí. Ó ní òun á wá gbé ọ ní pápákọ̀ òfuurufú Baltimore fúnra òun, kí o má wọ ọkọ̀ ẹni tí a kò mọ̀. Ó sì ní Ọjọ́rú ni kí o dé, kì í ṣe Ọjọ́bọ, kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí láti alẹ́ yẹn ni wọn ò ní jẹ́ kí n fi nǹkan kan ẹnu mọ́. A fẹ́ kí àwa mẹ́ta jọ jẹun kí àsìkò yẹn tó tó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.